Bàbá Oyèníran àti Òwìwí Funfun

Ọkùnrin àgbàlagbà kan gbé ní ìlú òtútù tí èmi náà gbé fún ọdún mọ́kànlélógún. Ojú rẹ̀ ń lọ díẹ̀díẹ̀, ohun kan ṣoṣo ló sì kù tó fẹ́ fi ojú náà rí kó tó lọ tán. Àbúrò mi, jókòó dáadáa kí o gbọ́ mi. Kì í ṣe ìtàn tí ẹnì kan sọ fún mi. Èmi ni mo di apá rẹ̀ mú lọ́jọ́ tí ọ̀rọ̀ náà ṣẹlẹ̀.

Bàbá Oyèníran ni à ń pè é. Ọmọ Ṣakí ni. Ọgbọ̀n ọdún ló fi ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ búrẹ́dì ní Kánádà kó tó fẹ̀yìn tì. Ìwọ náà mọ̀ pé nọ́ọ̀sì ni mí níbẹ̀. Ilé wa kò jìnnà síra, ìjọ kan náà la sì ń lọ. Nígbà tí ìyàwó rẹ̀ kú, ó sé ara rẹ̀ mọ́lé títí dókítà fi sọ fún un pé bí kò bá máa jáde rìn, ẹsẹ̀ rẹ̀ yóò gan. Bó ṣe di ọmọ ẹgbẹ́ àwọn tó ń wo ẹyẹ nìyẹn.

O ń rẹ́rìn-ín. Àwa náà rẹ́rìn-ín nígbà náà. Àwọn òyìnbó bíi mẹ́jọ ni, àwọn arúgbó ló pọ̀ jù nínú wọn. Ní gbogbo òwúrọ̀ Sátidé, ì báà jẹ́ ìgbà ooru, ì báà jẹ́ ìgbà yìnyín, wọ́n á wọ inú igbó tàbí etí omi lọ láti wo ẹyẹ. Wọn kì í yìnbọn. Wọn kì í dẹ pàkúté. Wọ́n á wò ó, wọ́n á kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé, wọ́n á sì padà sílé lọ mu tíì. Alàgbà kan nínú ìjọ wa bi Bàbá lójú gbogbo wa pé, "Bàbá, ẹyẹ tí ẹ ò ní í pa jẹ, kí lẹ ń wò lára rẹ̀?"

Bàbá dá a lóhùn pé, "Alàgbà, ẹ̀yin náà ń wo bọ́ọ̀lù. Ṣé ẹ máa ń jẹ ẹ́ ni?"

Nínú gbogbo ẹyẹ tó wà láyé, ọ̀kan ni Bàbá ń wá. Òwìwí funfun ni. Èyí gan-an ló wá mú kí àwọn èèyàn wa máa mi orí. Ìwọ náà mọ ojú tí a fi ń wo òwìwí nílé. Tó bá bà sórí òrùlé, àwọn ìyá wa á máa pe Jésù, àwọn ọmọdé á máa sọ ọ́ lókò. Ẹyẹ tí gbogbo wa ń sá fún ni arúgbó yìí ń sá tẹ̀ lé. Ṣùgbọ́n ó ní ìdí. Ní ìgbà òtútù tí ìyàwó rẹ̀ lò kẹ́yìn láyé, obìnrin náà wà ní ilé ìdáná, ó yọjú lójú fèrèsé, ó sì rí òwìwí kan tó funfun báláú lórí ọgbà aládùúgbò wọn. Ó pè é, "Olówó orí mi, ẹ wá wo nǹkan o!" Bàbá ń wo tẹlifíṣọ̀n. Ó ní òun ń bọ̀. Kó tó dìde, ẹyẹ náà ti lọ. Ìyàwó rẹ̀ wò ó, ó ní, "Ẹ pàdánù." Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà la sin ín.

Ọdún mẹ́jọ ni Bàbá fi wá ẹyẹ náà. Irú ẹyẹ yìí kì í gbé ìlú wa. Òkè àríwá lọ́hùn-ún, níbi tí igi kì í hù, ni ilé rẹ̀. Ó di ọdún tí oúnjẹ bá wọ́n níbẹ̀ kó tó sọ̀ kalẹ̀ wá sọ́dọ̀ wa, kì í sì í pẹ́ níbì kan. Nígbà mìíràn Bàbá á gbọ́ pé wọ́n rí i ní etí pápá ọkọ̀ òfuurufú. Nígbà tó bá fi máa débẹ̀, wọ́n á ní àná ló lọ. Ní ọdún kẹjọ, dókítà ojú pè é, ó sọ fún un pé agbára òun ti pin. Ohun tó bá wà nítòsí, Bàbá ṣì ń rí i dáadáa. Ohun tó bá ti ju ogún ìṣísẹ̀ lọ, ìkùukùu ni lójú rẹ̀. Dókítà ní kó tó di ìgbà ooru, ti ìtòsí náà yóò lọ.

Ọjọ́ Jímọ̀ kan ní oṣù kìíní ni ìyá tíṣà pè é lórí fóònù. Òun ni olórí ẹgbẹ́ wọn, òyìnbó arúgbó kan tó ti kọ́ àwọn ọmọdé ní ilé ìwé fún ogójì ọdún. Ó ní òwìwí funfun kan ti bà sí etí adágún, pé ó ti lo ọjọ́ méjì níbẹ̀. Bàbá pè mí kíá. Ó ní, "Ọmọ mi, n kò lè dá rìn lórí yìnyín mọ́. Ṣé o lè bá mi lọ lọ́la?"

Kí n má purọ́ fún ọ, n kò fẹ́ lọ. Mo ti ṣiṣẹ́ ọjọ́ mẹ́fà léraléra. Òtútù ọ̀hún kì í sì í ṣe irú èyí tí ẹ ń pè ní ọyẹ́ níbí. Ọyẹ́ a máa bẹ́ ètè. Òtútù ibẹ̀ a máa mú kí omi dì lórí ìpéǹpéjú. Ṣùgbọ́n bàbá tó ti ń pè mí ní ọmọ láti ọdún mẹ́wàá ló ń bẹ̀ mí. Mo wọ kóòtù méjì léra wọn, mo wọ ìbọ̀sẹ̀ mẹ́ta, mo sì wa mọ́tò lọ gbé e.

Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni yìnyín ti fi bọ́ bí ẹ̀gbọ̀n òwú. Ó bo ojú ọ̀nà, ó bo koríko, ó bo adágún náà pàápàá, nítorí omi rẹ̀ ti dì gbagidi, o ò lè mọ ibi tí ilẹ̀ ti parí tí omi ti bẹ̀rẹ̀. Gbogbo rẹ̀ funfun lọ bẹẹrẹ. A tò tẹ̀ lé ara wa, a ń tẹ ibi tí ẹni iwájú ti tẹ̀. Àwọn òyìnbó náà gbé awò olójú méjì kọ́rùn, irú èyí tó máa ń fa ohun tó jìnnà súnmọ́ni. Ọkùnrin kan nínú wọn ru awò ńlá kan tó ní ẹsẹ̀ mẹ́ta. Bàbá di apá mi mú, ó ń rìn bí ẹni tó ń lọ sí ibi ìgbéyàwó.

Lójú ọ̀nà, ó ń gbọ́ ohun tí àwa kò gbọ́. Ó dúró, ó ní, "Onífìlà dúdú ti dé." Mo wo òkè, mo wo ilẹ̀, n kò rí nǹkan kan. Ó bọ́ ìbọ̀wọ́ rẹ̀, ó kó èso díẹ̀ láti inú àpò, ó na àtẹ́lẹwọ́. Kò pẹ́ rárá tí ẹyẹ kékeré kan tí orí rẹ̀ dúdú bí ẹni dé fìlà fi fò wá, ó bà lé ìka rẹ̀, ó mú èso kan, ó lọ. Àwọn òyìnbó náà yíjú sí mi, inú wọn ń dùn sí bí ẹnu mi ṣe là sílẹ̀. Ìyá tíṣà sọ fún mi pé, "Ojú wa ni àwa fi ń wo ẹyẹ. Gbogbo ara ni bàbá yìí fi ń wò wọ́n."

A rìn tó wákàtí kan kí a tó dé ibi ọgbà onígi kan tó ti wó. Ìyá tíṣà gbé ọwọ́ sókè, gbogbo wa dúró. Ó nawọ́ sí iwájú. Lórí òkìtì yìnyín kan, bí ọgọ́rùn-ún ìṣísẹ̀ sí wa, nǹkan kan jókòó tó funfun ju yìnyín lọ.

Ìyá tíṣà rẹ ohùn sílẹ̀. Ó ní, "A kò ní kọjá ọgbà yìí. Ẹyẹ yìí ti rin ìrìn àjò tó jìn, ebi ló sì lé e wá. Agbára tó kù lára rẹ̀ ló fẹ́ fi pa eku tí yóò jẹ. Tí a bá lé e dìde, sísá fún wa ni yóò fi agbára náà ṣe." Ó wá sọ fún wa pé ní ọdún tó kọjá, ọ̀kan bà sí apá kejì adágún náà. Àwọn tó ń ya fọ́tò rọ́ lọ bá a. Ẹni yìí fẹ́ súnmọ́ ọn, ẹni yẹn fẹ́ súnmọ́ ọn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bó ṣe ń bà ni wọ́n ń lé e dìde. Ní ọjọ́ kẹfà, òun fúnra rẹ̀ ló rí òkú rẹ̀ lábẹ́ igi kan. Ó ní nígbà tí òun gbé e, ńṣe ló fúyẹ́ bí ìwé. Ó ní kò sí ẹni tó kórìíra rẹ̀ nínú gbogbo àwọn tó lé e. Gbogbo wọn ló fẹ́ràn rẹ̀.

Wọ́n gbé awò ńlá náà kalẹ̀, wọ́n ń wò ó lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹnu yà wọ́n. Ọkùnrin kan bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Nígbà tó kan Bàbá, ó tẹ ojú mọ́ awò náà, ó pẹ́ níbẹ̀, ó yọ ojú, ó nu ojú, ó tún tẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn. Níkẹyìn ó ní, "Funfun ni mo rí. Funfun lórí funfun." Ó kúrò nídìí rẹ̀ kí ẹlòmíràn lè wò.

Àwọn èèyàn náà wo ara wọn. Wọ́n mọ iye ọdún tó ti wá a. Wọ́n mọ ohun tí dókítà sọ. Ọkùnrin tó ru awò ní, "Ẹ jẹ́ kó lọ. Òun nìkan. Ẹyẹ náà kò ní kú nítorí ẹnì kan." Àwọn yòókù ní bẹ́ẹ̀ ni. Ìyá tíṣà tún wo ẹyẹ náà nínú awò. Lẹ́yìn náà ó fọwọ́ kan Bàbá léjìká, ó ní, "Ẹ máa lọ. Gbogbo wa fọwọ́ sí i. Ẹ rọra rìn."

Báyìí la ṣe kọjá ọgbà náà, èmi àti Bàbá. Mo ń ka ìṣísẹ̀ wa. Ní ìṣísẹ̀ ogún, ẹyẹ náà kò mira. Ní ogójì, ó yí orí sí wa. Mo sọ fún Bàbá. Ó ní, "Ká rọra." Ní ọgọ́ta, ó la ojú méjèèjì sílẹ̀, ó ń wò wá. Bàbá ń mí hẹlẹhẹlẹ. Ó ní, "Mo ti fẹ́ẹ̀ máa rí i. Nǹkan kan wà níbẹ̀ tó ní orí." Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, pé ogún ìṣísẹ̀ péré ló kù kó wọ ibi tí ojú rẹ̀ lè ká. A wá dé ìṣísẹ̀ àádọ́rin. Ẹyẹ náà nàró. Ó fún gbogbo ìyẹ́ mọ́ ara, ó di tẹ́ẹ́rẹ́, ó tẹ̀ síwájú, ó sì ṣí apá rẹ̀ kan díẹ̀.

Bàbá bi mí pé, "Kí ló ń ṣe?"

Mo fẹ́ purọ́. Ẹnu mi ti là láti sọ pé kò ṣe nǹkan kan. Ṣùgbọ́n mo ní, "Ó ti dìde, Bàbá."

"Ṣé ara rẹ̀ balẹ̀?"

"Rárá. Ó fẹ́ fò."

Bàbá dúró. Afẹ́fẹ́ ń fẹ́ yìnyín kọjá láàárín ẹsẹ̀ wa. Mo rò pé ó ń sinmi ni. Àfi bó ṣe yí mi padà tó ní, "Jẹ́ ká máa lọ."

Inú bí mi, àbúrò mi. Ká ní mo lè gbé e ni, ǹ bá gbé e débẹ̀. Mo ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ìṣísẹ̀ mẹ́wàá! Ẹ ò ní í rí òmíràn mọ́. Ọdún mẹ́jọ lẹ fi wá a!"

Ó ní, "Èmi ni mo fi ọdún mẹ́jọ wá a. Òun kò fi ọjọ́ kan wá mi."

Ó kọ ẹ̀yìn sí i. Ó rọra ń gbẹ́sẹ̀, kò sáré, kò sì bojú wẹ̀yìn. Èmi ni mo bojú wẹ̀yìn. Bí a ṣe ń jìnnà sí i ni ẹyẹ náà ń tú ìyẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, títí ó fi padà jókòó wọ̀ọ̀.

Nígbà tí a dé ọgbà, ìyá tíṣà sáré pàdé wa. Ó ní, "Ṣé ẹ rí i?" Bàbá ní rárá, pé ara ẹyẹ náà kò gbà á. Ìyá tíṣà fi ọwọ́ méjèèjì di ọwọ́ rẹ̀ mú. Ọkùnrin tó ní kí a jẹ́ kó lọ bọ́ fìlà onírun orí rẹ̀ nínú òtútù yẹn, ó sì dì í mú síwájú àyà.

Mo rò pé a ó máa lọ sílé. Bàbá kò lọ. Ó fẹ̀yìn ti igi ọgbà, ó ní, "Wò ó fún mi."

Mo gba awò olójú méjì, mo ní, "Ó funfun."

Ó ní, "Mo mọ̀ pé ó funfun. Ṣé bí ẹfun ni àbí bí wàrà?"

Mo tún wò. Mo ní bí wàrà ni, àmọ́ àyà rẹ̀ ní àmì dúdú tíntìntín, bí ìgbà tí èéfín èédú bá ta sórí ẹ̀kọ. Ó bi mí léèrè ojú rẹ̀; mo ní ó dà bí pupa ẹyin tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ́. Ó bi mí léèrè ẹsẹ̀. Mo ní irun bò ó dé èékánná, bí ẹni tó wọ ìbọ̀sẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi mú un. Àbúrò mi, n kò wo nǹkan kan bẹ́ẹ̀ rí láyé mi. Aláìsàn tí mo ti tọ́jú fún oṣù mẹ́ta, n kò wò ó tó bẹ́ẹ̀. Ohun tó ju wákàtí kan la fi dúró síbẹ̀. N kò mọ̀ mọ́ bóyá ẹsẹ̀ mi wà lábẹ́ mi.

Lójijì ẹyẹ náà gbéra. Kò sí ẹni tó lé e. Ó fò nílẹ̀nílẹ̀, kò dún rárá, ó já lu yìnyín, ó sì dìde pẹ̀lú eku kan lẹ́nu. Mo pariwo, "Ó mú un, Bàbá! Ó mú un!" Àwọn òyìnbó ń di ara wọn mọ́ra. Bàbá ń pàtẹ́wọ́ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ nínú ìbọ̀wọ́ rẹ̀.

Nínú mọ́tò, èmi ni mo ń sunkún. Ó bi mí pé kí ló dé. Mo ní, "Ẹ kò rí i." Ó ní, "Ó jẹun. O ò rí i pé ó jẹun ni?"

Ẹyẹ náà lo ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ní etí adágún náà. Ìyá tíṣà ń pe Bàbá lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ láti sọ fún un bó ṣe ń ṣe sí. Nígbà tí yìnyín bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́, ó padà sí òkè ibi tí ó ti wá, ó sì ti sanra. Kó tó di ọdún Àjíǹde, ojú Bàbá ti kú pátápátá.

Mo lọ kí i lọ́jọ́ kan, mo sì bi í léèrè ohun tó ti wà lọ́kàn mi. Mo ní, "Bàbá, ṣé kò dùn yín?" Ó ní, "Ó dùn mí o. Ó dùn mí gan-an." Ó wá ní, "Ṣùgbọ́n ká ní mo fi ipá lọ bá a, ẹ̀yìn rẹ̀ ni ǹ bá rí, bó ṣe ń sá fún mi. Ìyẹn ni ǹ bá sì máa rí nínú òkùnkùn yìí títí tí n ó fi kú."

Àbúrò mi, ọ̀rọ̀ rẹ ló mú mi rántí rẹ̀.

Oṣù kẹrin rèé tí ọkọ ọmọ rẹ kú. Ọmọ náà fi ẹnu ara rẹ̀ sọ fún ọ pé, "Bàámi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi láyè díẹ̀." Láti ìgbà náà, kò sí ọ̀sẹ̀ tí o kò wọ mọ́tò lọ sí Òṣogbo. Ó ń ti ilẹ̀kùn, o ń kàn án. O mú pásítọ̀ lọ. O mú àwọn mọ̀lẹ́bí lọ. O dúró ní ojú fèrèsé rẹ̀, o ń ki oríkì rẹ̀ títí àwọn aládùúgbò fi jáde. Mo mọ̀ pé ìfẹ́ ni. Kò sí ẹni tí yóò sọ fún mi pé o kò fẹ́ràn ọmọ rẹ. Ṣùgbọ́n ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ó kó ẹrù rẹ̀ lọ sí ilé ọ̀rẹ́ rẹ̀, kò sọ ibẹ̀ fún ọ. O wá jókòó síwájú mi lónìí pé kí n bá ọ wá ibi tó wà.

Mo mọ ibi tó wà. N kò ní sọ fún ọ.

Fara balẹ̀, má dìde. Ó ń jẹun. Ó ti padà sẹ́nu iṣẹ́ láti ọjọ́ Ajé. Ó bi mí lánàá bí ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ ṣe ń ṣe sí. Ẹni tó bá kórìíra baba rẹ̀ kì í béèrè ìyẹn. Ibi tí ọwọ́ rẹ kò dé ni ó ti ń rí agbára kó jọ, tí o bá sì tún lọ kan ilẹ̀kùn náà, agbára tó fẹ́ẹ́ fi wà láàyè ni yóò fi sá fún ọ.

N kò ní kí o gbàgbé rẹ̀. Bàbá Oyèníran kò padà lọ sílé rẹ̀ lọ jókòó ti iná. Nínú òtútù ló dúró. Ìwọ náà, lọ dúró. Máa fi owó sí fóònù rẹ, má pààrọ̀ nọ́ńbà. Má ti géètì ilé rẹ lọ́sàn-án. Tí ẹnikẹ́ni bá bi ọ́ léèrè rẹ̀, sọ pé àlàáfíà ló wà. Yóò ro ọ́ lára, mo mọ̀. Jẹ́ kó ro ọ́. Lọ́jọ́ tí ọmọ náà bá yíjú sí ọ̀nà ọ̀dọ̀ rẹ, kó bá ọ níbi tó fi ọ́ sí.